Ẹ̀bẹ̀ Tó Wà Lára Ògiri

Ọkọ mi ló kọ́kọ́ fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ha ògiri ilé tí a lọ wò láti rà. Mo ti kìlọ̀ fún un kí a tó wọlé pé kó kó ọwọ́ rẹ̀ sápò, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe jẹun kò lè rí nǹkan kó má tú u wò. Ó ti kọ́kọ́rọ́ bọ àárín bíríkì méjì, ohun tó yẹ kó so wọ́n pọ̀ sì ń dà wuuru bí iyanrìn sórí bàtà rẹ̀.

"Ìyàwó, ṣé o rí i?" ló wí. "Ilé yìí ti darúgbó jù."

"Ìwọ náà ń darúgbó," mo dá a lóhùn. "Mi ò tíì lé ọ jáde."

Mo fẹ́ ilé náà, kí n má purọ́. Kì í ṣe torí ilé ìdáná rẹ̀ tó gbòòrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé búrẹ́dì ni mò ń yan tà. Torí màmá mi ni. Àjà kẹta la háyà sí, orúnkún Màmá sì ti kọ àtẹ̀gùn sílẹ̀ pátápátá. Obìnrin tó ti ránṣọ fún ìdajì àdúgbò rí, ojú fèrèsé ló ń jókòó sí látàárọ̀, tó ń ka mọ́tò tó ń kọjá. Tó bá fẹ́ jáde, àfi kí ọkọ mi pọ̀n ọ́n. Ó ń pọ̀n ọ́n o, kò sì ráhùn rí, ṣùgbọ́n ojú máa ń ti Màmá, á ní kó dúró ná kí àwọn ará ilé kọjá. Nínú ilé àtijọ́ yìí, yàrá kan wà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sí ẹ̀yìnkùlé, tí èèyàn bá ti gbé ẹsẹ̀ kan, ó ti wà nínú oòrùn. Ìgbà tí mo rí ilẹ̀kùn yẹn lọ́kàn mi ti ra ilé náà.

A wá bíríkìlà kan kó bá wa yẹ̀ ẹ́ wò. Má Kánjú ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì ro ó. Ó yí ilé po, ó tún un yí, ó gbá bíríkì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní ká fún òun lómi, ó mu ún tán kó tó lanu.

"Bíríkì yìí ò ní àrùn," ló wí. "Ẹfun tí wọ́n pò mọ́ iyanrìn ni wọ́n fi so ó pọ̀ láyé àtijọ́, ẹfun yẹn ló gbó. Ẹ máa ha èyí tó ti kú kúrò, ẹ máa fi tuntun dí i. Kò le, sùúrù ló kàn ń fẹ́."

Inú mi ti ń dùn títí a fi dé ògiri ẹ̀yìnkùlé. Níbẹ̀, wọ́n ti lẹ ohun eléérú kan mọ́ ọn níbí lọ́hùn-ún, bí ìgbà tí wọ́n bá lẹ ṣòkòtò àlòkù. Gbogbo bíríkì tó yí ibẹ̀ ká ló ti là, ojú àwọn mìíràn ti já bọ́.

"Ta ló ṣe èyí?" Má Kánjú béèrè.

"Ọkọ mi ni," ni Ìyá Onílé dáhùn. Opó ni, òun ló fẹ́ ta ilé náà, ó ti ń tẹ̀ lé wa lẹ́yìn látìgbà tá a ti wọlé.

"Sìmẹ́ǹtì ló lò, Màmá. Sìmẹ́ǹtì le ju bíríkì yìí lọ. Ohun tó wà láàárín ló yẹ kó máa gbà fún bíríkì nígbà òjò àti nígbà oòrùn. Tóun bá lóun ò ní gbà, bíríkì ló máa fọ́. Gbogbo ẹ̀ ní láti kúrò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ògiri yìí ò ní pẹ́ wó."

"Kò sí ohun tó máa kúrò níbẹ̀," ni Ìyá Onílé wí. "Tẹ́ ẹ bá máa tú u, mi ò tà mọ́."

Inú bí mi. Mo ti lanu tán tí ọkọ mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.

"Ọkọ mi ò mọ ẹ̀bẹ̀ í bẹ̀," ni ìyá náà ń sọ lọ. "Tá a bá ti jà, á jáde, á lọ po sìmẹ́ǹtì. Tílẹ̀ bá mọ́, tí mo rí ojú ibi tuntun lára ògiri, ó ti bẹ̀ mí nìyẹn. Ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ni gbogbo èyí tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí. Ẹnu rẹ̀ ò sọ ọ́ rí."

A padà sílé bí adìẹ tí òjò pa.

Nígbà tí mo ròyìn fún Màmá, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ọkùnrin tó ń fi sìmẹ́ǹtì bẹ ìyàwó títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní ká gbé òun lọ síbẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, kò ní kí ọkọ mi dúró de ẹnikẹ́ni lórí àtẹ̀gùn.

Ó jókòó síwájú ògiri náà, ó ń fi ìka tọ ojú sìmẹ́ǹtì bí ẹni ń yẹ ojú rírán wò.

"Aránṣọ ni mí, ìyá," ló sọ fún Ìyá Onílé. "Tí rírán bá ń fa aṣọ ya, títú la máa ń tú u, bó ti wù kí ẹni tó rán an ṣọ̀wọ́n lójú wa tó. Òwú là ń tú, a kì í tú aṣọ. Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi tú u díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ jókòó tì mí. Èyí tí mo bá ń tú, ẹ sọ ìjà tó wà lábẹ́ ẹ̀ fún mi. Tó bá kúrò lára ògiri, ó ti bọ́ sétí mi nìyẹn. Orúnkún mi ló bàjẹ́, etí mi ò ṣe nǹkan kan."

Ìyá Onílé wò ó títí, ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ìjà wa pọ̀ o."

"Èmi náà ò ríbi lọ."

Bá a ṣe ra ilé náà tá a kó wọ ibẹ̀ nìyẹn. Ọkọ mi ń ha tòkè lórí àkàsọ̀, Màmá mú irin tẹ́ẹ́rẹ́ àti òòlù kékeré, ó ń tú tìsàlẹ̀ lórí àga. Èmi ni mò ń po ẹfun. Má Kánjú ní tí mo bá pò ó tán, kí n fi sílẹ̀ kó sinmi kí a tó lò ó. Mo jágbe mọ́ ọn pé ta ló ní àyè ìyẹn, kí n tó rántí pé èmi tí mò ń fi ìyẹ̀fun sílẹ̀ kó wú lójoojúmọ́ ò lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Ojoojúmọ́ ni Ìyá Onílé ń wá gbé àga rẹ̀ ti ti Màmá.

"Eléyìí, torí àbúrò ẹ̀ ni. Ó lóun wá kí wa, ló bá gbé odidi ọdún kan."

"Ta ló jẹ̀bi?"

"Ọkọ mi ni!"

"Ọkùnrin burúkú!" Màmá á gbá irin, àwọn méjèèjì á máa rẹ́rìn-ín. Ti rédíò, ọkọ ló jẹ̀bi. Ti kọ́kọ́rọ́ tó sọnù, ọkọ náà ni.

"Ẹ̀yin ìyá," ọkọ mi kígbe látorí àkàsọ̀, "ṣé kò sọ́jọ́ kan tí ọkùnrin jàre ni?"

"Máa ha tìẹ lọ!" ni Màmá dáhùn.

Ó wá ku ẹyọ kan, èyí tó tóbi jù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá Màmá. Màmá ti irin bọ̀ ọ́, kò gbọ́ nǹkan kan.

"Eléyìí ńkọ́?"

Ìyá Onílé wolẹ̀. "Eléyìí, èmi ni mo jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i, kò yẹ kéèyàn sọ ọ́ sí ajá. Mo fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́ láàárọ̀. Ìgbà tí mo jáde, ó ti ń rẹ́ sìmẹ́ǹtì. Ó ti bẹ̀ mí. Mo gbà á bẹ́ẹ̀, mo dákẹ́."

Màmá ò sọ pé ọkùnrin burúkú. Ó gbé irin àti òòlù lé e lọ́wọ́. Ìyá náà sì ha á títí oòrùn fi wọ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. Nígbà tó béèrè ẹfun, Má Kánjú ní èyí tó wà nílẹ̀ kò tíì sinmi tó, kó di ọ̀la. Ìyá Onílé ní òun máa padà wá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó jókòó sínú oòrùn. Mo gbé abọ́ ẹfun wá bá wọn. Ìyá Onílé ti kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ ẹfun sáàárín bíríkì, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Mo rò pé Màmá ló ń bá sọ̀rọ̀ títí mo fi sún mọ́ wọn.

"Ẹ má bínú," ló ń wí fún ògiri. "Ẹ dárí jì mí, ọkọ mi."

Màmá ṣẹ́wọ́ sí mi pé kí n wọlé. Mo gbé abọ́ náà sílẹ̀, mo wọlé lọ.