Ẹni Mímọ́ Tí Wọ́n Fi Ọ̀bẹ Gbé Wáyé

Láti ìdájí ni Leah ti ń rọbí nílé ìgbẹ̀bí ìjọ Kérúbù àti Séráfù tó wà ní abúlé wọn lẹ́yìn Akanran. Oòrùn kan àtàrí, ọmọ ò yọjú. Ìyá agbẹ̀bí tẹ ikùn rẹ̀ wò, ó ní ọmọ ti dábùú, àfi kí wọ́n máa gbé e lọ ọsibítù fún iṣẹ́ abẹ.

Gbọ́njúbọ́lá, ìyá ọkọ rẹ̀, yarí kanlẹ̀. Abẹ ni wọ́n gbé àbúrò tirẹ̀ tó ń rọbí lọ ṣe lọ́jọ́sí tí kò fi padà wálé mọ́. Láyí, ọkọ Leah, ti kó iṣu lọ ọjà Ṣáṣá, fóònù rẹ̀ ò lọ. Ọ̀rọ̀ wá dọwọ́ ìyá àgbà.

Inú ìjọ Àgùdà ni wọ́n ti tọ́ Leah kó tó lọ́kọ. Nígbà tí ìrora dẹwọ́ díẹ̀, wọ́n gbọ́ tó ń pe Rémọ́ńdì. Gbọ́njúbọ́lá bi í pé ta nìyẹn. Leah rọra ṣàlàyé pé ohun tójú ẹni mímọ́ kọ̀ọ̀kan rí láyé ni àwọn Àgùdà fi ń mọ irú ẹni tí ẹni mímọ́ náà yóò máa bá bẹ Ọlọ́run. Wọ́n fọ́ eyín Apolóníà kó tó kú, ẹni tí eyín ń dùn ló ń ké pè é. Ní ti Rémọ́ńdì, ikùn ìyá rẹ̀ ni wọ́n là tí wọ́n fi gbé e jáde. Bó ṣe di ti àwọn aboyún nìyẹn.

“Ìyá rẹ̀ ńkọ́?”

Ìrora mìíràn ti dé. Leah di etí bẹ́ẹ̀dì mú títí ó fi kọjá.

“Ó kú, Mọ̀ọ́mi.”

“Ìwọ náà rí i báyìí.”

“Ó ti kú kí wọ́n tó mú ọ̀bẹ. Wọ́n pẹ́ ni. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n pẹ́ jù fún èmi.”

Gbọ́njúbọ́lá rántí pé ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ sì tún mọ́, kí bàbá wọn tó gbà kí wọ́n gbé àbúrò òun kúrò nílé. Láti ọjọ́ náà, abẹ ló ń bú. Kò bú ìdádúró yẹn rí.

“Ẹ pe Sàníù,” ó ní, “kó gbé kẹ̀kẹ́ Márúwá rẹ̀ wá.”

Ọ̀nà kún fún kòtò. Orí Leah wà lórí itan Gbọ́njúbọ́lá. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń kérora bí kẹ̀kẹ́ bá ṣe ń gbọ̀n. Nígbà tó yá, kò kérora mọ́, ìyẹn sì ni ẹ̀rù ń ba Gbọ́njúbọ́lá jù. Ó ń ka Sáàmù lọ, ó ń fọwọ́ gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́ kó má baà sùn.

Ní ọsibítù, wọ́n gbé Leah wọlé, wọ́n tilẹ̀kùn. Ìyá àgbà jókòó síta pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Ó pẹ́ kó tó gbọ́ igbe ọmọ, ó sì tún pẹ́ jùyẹn lọ kí nọ́ọ̀sì tó jáde wá sọ pé ẹ̀jẹ̀ dànù, ṣùgbọ́n ìyá náà yè.

Nígbà tí Láyí fi máa dé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ó bá ìyá rẹ̀ létí bẹ́ẹ̀dì tó ń sọ̀rọ̀ Àyàndùnní, àbúrò rẹ̀ olóògbé tí kò dárúkọ rẹ̀ létí ìyàwó ilé rí, fún Leah.