Ta Ló Máa Fi Àṣá Du Bàbá?

Gbogbo ìgbà tí wọ́n ti ta káàdì náà láti àárọ̀, Bàbá àgbà ló ń jẹ. Ọkàn Jẹ́jẹ́ ò sì balẹ̀ mọ́. Torí pé ohùn rẹ̀ kì í ròkè ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa ronú eré káàdì tuntun. Òun ló ya àwọn ẹ̀dá inú eré yìí sára páálí, òun náà ló fi sísọ́ọ̀sì gé e, tó gé igun rẹ̀ roboto kó má baà gún èèyàn lọ́wọ́.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ kó odindi ìdílé ẹyẹ, ti ẹja tàbí ti ewé jọ ló jẹ. Àmọ́ káàdì tó bá bọ́ sí èèyàn lọ́wọ́ kì í pé. Àfi kó bá ẹlòmíì ṣe pàṣípààrọ̀. Ibẹ̀ ni Jẹ́jẹ́ fẹ́ràn jù, torí ibẹ̀ ni ẹnu ti ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀ ń bọ̀ wá wo eré náà lọ́sàn-án yẹn. Ó ti sọ ọ́ kedere pé, "Bí pàṣípààrọ̀ yẹn ò bá lọ geere, a máa yọ ọ́ dànù. Kí wọ́n kúkú máa fi káàdì jà."

Kò sì lọ geere. Bàbá á na ọwọ́, á ní, "Ọmọ mi, gbé àṣá yẹn wá." Bọ̀dá, ẹ̀gbọ́n Jẹ́jẹ́, télọ̀ tí oníbàárà kankan ò rí rẹ́ jẹ rí, á fi ọwọ́ méjèèjì gbé àṣá fún un. Bàbá á fún un ní èèrà, tí kò sí nínú ìdílé kankan. Bọ̀dá á ní, "Ẹ ṣé, Bàbá."

"Bọ̀dá, ẹ lè kọ̀ o," Jẹ́jẹ́ sọ sí i létí. "Ó wà nínú òfin."

"Lọ ka òfin náà fún wọn. Màá máa wò ẹ́ láti ẹnu ọ̀nà."

Jẹ́jẹ́ bá ṣòfin pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn lè béèrè. Bàbá béèrè lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí wọ́n kó gbogbo ẹyẹ wá.

Àǹtí, àbúrò ìyá wọn, bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí, ta lo fẹ́ kó wojú Bàbá kó ní rárá? Ẹnu ta ni?"

Jẹ́jẹ́ wo Àǹtí, ó wo káàdì ọwọ́ rẹ̀. Ló bá kó gbogbo ẹ̀ wọ yàrá, ó mú pẹ́ńsùlù, ó kọ ohun tí káàdì kọ̀ọ̀kan máa gbà kó tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó mú un sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àṣá: "Ẹja méjì ni mo gbà." Ẹja: "Ewé kan, ó parí." Èèrà: "Ohunkóhun. Ẹ ṣáà mú mi lọ."

Nígbà tí Ọ̀gá dé, wọ́n fún un ní àga, wọ́n pín káàdì fún òun náà. Kò pẹ́ tí Bàbá fi na ọwọ́.

"Ọmọ mi, gbé àṣá yẹn wá."

Bọ̀dá tún ìjókòó ṣe. "Bàbá, èmi ti gbà tán o. Àṣá ló ní ẹja méjì lòun máa gbà."

Bàbá gba káàdì náà, ó fi awò sójú, ó kà á, ó tún wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá ẹ̀dínwó wà níbẹ̀.

"Àṣá yìí ò lójú àánú," ó ní. "Ta ló lẹ́ja?"

Ọwọ́ Àǹtí ni ẹja wà, ewé ni ẹja ń béèrè, ewé sì wà lọ́wọ́ Ọ̀gá. Bàbá sún àga mọ́ ọn. "Màdáàmù, ewé yín yẹn ńkọ́?"

Ọ̀gá di káàdì rẹ̀ mú ṣinṣin. "Ẹyẹ ló fẹ́, Bàbá. Ẹyẹ tó rẹwà."

"'Tó rẹwà' ò sí níbẹ̀. Mo rí i kà láti ibí."

"Èmi ni mo fi kún un."

Kí wọ́n tó yanjú ẹ̀, Àǹtí ti bá Bọ̀dá ṣe pàṣípààrọ̀ tiwọn, ó to ìdílé ẹja kalẹ̀, ó jẹ. Bàbá rẹ́rìn-ín títí awò fi yẹ̀ lójú rẹ̀. "Ẹ tún un pín," ó ní.

Jẹ́jẹ́ rọra dúró lẹ́yìn Ọ̀gá. "Mà, pàṣípààrọ̀ yẹn... ṣé ká yọ ọ́?"

Ọ̀gá ò gbójú sókè. "Yọ kí ni? Jọ̀ọ́, sún díẹ̀, o ń dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ mi lójú. Bàbá, ẹ jẹ́ ká rí ẹyẹ tí ẹ ń fi pamọ́ yẹn."