Ẹ̀yin Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wọlé

Ìtìjú ló kó mi sí wàhálà lórí òkun, mi ò ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn kan wà tí ojú kì í tì, tí wọ́n bá fẹ́ nǹkan, wọ́n á ní àwọn fẹ́ ẹ, ọ̀rọ̀ tán. Èmi, wọ́n tọ́ mi. Ohun tí ẹ̀kọ́ ilé fi ojú mi rí nínú ọkọ̀ yẹn, ẹ fara balẹ̀ kí n rò ó fún yín.

Èmi ni Títílayọ̀ Adépọ̀jù, Màmá Fọlárìn tí gbogbo Òkè Àró mọ̀ ní Àkúrẹ́. Ọkọ mi, Rufus, ti kú láti ọdún mẹ́ta. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wa, Fọlárìn, Texas ló ń gbé. Ilé oníyàrá mẹ́fà ni èmi nìkan ń gbé, tí mo bá se ìrẹsì ife kan, á kù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Fọlárìn pè mí pé Monílọ́lá, ìyàwó òun, ti lóyún, mo jó títí ìgbáròkó fi ń dùn mí.

Ó ní àwọn máa fi ìwé ìrìnnà ránṣẹ́ sí èmi àti ìyá Monílọ́lá. Ó ní tí a bá dé, àwọn á kọ́kọ́ fi ọkọ̀ òkun ńlá kan gbé wa gbafẹ́ fún ọjọ́ méje. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀kan nínú àwa ìyá méjèèjì á dúró tì wọ́n títí Monílọ́lá á fi bímọ, á máa wẹ ọmọ fún wọn. Èkejì á padà sílé, torí yàrá kan péré ló ṣófo ní ilé wọn. Mo bi í pé ta ló máa dúró. Ó ní a ó jọ sọ ọ́ nínú ọkọ̀.

Mo fẹ́ dúró. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ gbangba báyìí, torí pé nígbà tó yẹ kí n sọ ọ́, mi ò sọ ọ́. Ọjọ́ kejì ni mo ti ra àdín, ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn tuntun, mo kó o sí ìsàlẹ̀ àpótí mi, mo fi ìró bò ó.

Ìyá Monílọ́lá, Ìyáàfin Bísọ́dún Oyèníyì, ará Oǹdó ni. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama ni kó tó fẹ̀yìn tì. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ohùn rẹ̀ kì í ròkè, ó sì máa ń nu ṣíbí kó tó fi jẹun. Èèyàn dáadáa ni, ìyẹn gan-an ló sì burú níbẹ̀. Ká ní oníjà ni, ǹ bá mọ bí mo ṣe máa bá a jà. Ṣùgbọ́n àna mi ni, a kì í sì í bá àna fa nǹkan. Ohunkóhun tí àna bá fi lọ̀ ọ́, o ó kọ̀ ọ́. Á tún fi lọ̀ ọ́, o ó tún kọ̀ ọ́. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, tó ti bẹ̀ ọ́ dáadáa, o ó wá gbà á bí ẹni pé tipátipá ni. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Bí wọ́n ṣe tọ́ òun náà nìyẹn.

Ọjọ́ tí a dé etí òkun, mo kọ́kọ́ rò pé ilé ìtura ni wọ́n kọ́ síbẹ̀. Fọlárìn ní ọkọ̀ náà nìyẹn. Mo ka fèrèsé rẹ̀ dé ọgọ́rin, ó sú mi. Mo bi í pé irin tó tó yìí, kí ló ń gbé e dúró lórí omi. Ó ní kí n má ṣèyọnu. Bí ọmọ bá ní kí ìyá má ṣèyọnu, òun náà kò mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Ẹnu lífìtì ni a ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí, àwọn ọmọ wọlé, mo ní kí àna mi kọ́kọ́ wọlé. Ó ní èèwọ̀, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ wọlé. Mo ní ẹ̀yin lẹ bí ìyàwó fún wa. Ó ní ẹ̀yin lẹ ń bọ́ ọ. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, òun náà kúnlẹ̀ díẹ̀, ilẹ̀kùn pa dé, lífìtì gbé àwọn ọmọ lọ. Ó padà wá, ó tún bá wa níbẹ̀. Òyìnbó ti tò sẹ́yìn wa, bàbá arúgbó kan bi wá bóyá a ṣubú ni. Nígbà tó yá, a gba àtẹ̀gùn. Àjà kẹsàn-án ni yàrá wa wà. Lórí àtẹ̀gùn náà, ó tún ní kí n ṣíwájú.

Inú yàrá ló wá burú. Bẹ́ẹ̀dì méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan wà lókè, ìkejì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú àkàbà kékeré. Ta ló máa sùn lé àna ẹ̀ lórí? Màmá Monílọ́lá ní orúnkún òun ṣì le, ṣùgbọ́n òun ò lè nà sókè kí n wà nísàlẹ̀ òun. Èmi náà ò lè nà sókè, yàtọ̀ sí ti ọ̀wọ̀, àkàbà yẹn kò lè gbé mi. A jókòó, a wo bẹ́ẹ̀dì, a tún kíra wa. Níkẹyìn, bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀ yẹn ni àwa méjèèjì há sí bí ìgò nínú kéréètì. Ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n ṣe é fún, èmi ò sì tẹ́ẹ́rẹ́. Fún ọjọ́ méje gbáko, gèlè wa ló sùn sí bẹ́ẹ̀dì òkè.

Oúnjẹ ń kọ́? Ọ̀fẹ́ ni, kì í sì í tán. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, ẹran kan ṣoṣo ló kù nínú àwo níwájú wa. Mo ní kó mú un, ó ní kí n mú un. Ibi tí a ti ń bẹ ara wa ni òyìnbó kan tó wọ ṣòkòtò péńpé ti nawọ́ gba àárín wa kọjá, ó mú ẹran, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wa.

Lọ́jọ́ kẹta, a jókòó sórí àga gbọọrọ níta, à ń wo omi. Omi ni níwájú, omi ni lẹ́yìn, èèyàn á sì sanwó torí ẹ̀. Màmá Monílọ́lá ṣàdédé ní inú òun á dùn tó bá jẹ́ pé èmi ni mo dúró ti àwọn ọmọ, pé èmi ni mo mọ iṣẹ́ ọmọ títọ́. Ọkàn mi fò sókè. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ ọ́. Mo ní ká má rí i, ìyá ọmọ ló lọmọ. Lọ́jọ́ kẹrin, nídìí oúnjẹ àárọ̀, ó tún sọ ọ́. Ó nu ṣíbí kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo rò pé ìmọ́tótó ni. Mo tún kọ̀. Mo ti ń kà á lọ́kàn mi: ẹ̀ẹ̀kejì rèé, tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, mo gbà.

Kò sọ ẹ̀ẹ̀kẹta. Ọjọ́ karùn-ún, mo jókòó tì í láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, mo ń dá ọ̀rọ̀ ọmọ sílẹ̀, mo ń la ọ̀nà sílẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ló ń bá mi sọ. Mo ní lọ́kàn mi pé àwọn ará Oǹdó yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń bẹ èèyàn ni?

Ó wá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹfà. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó, wọ́n gbé ẹja wá. Fọlárìn ní ó ti tó àkókò, pé ta ni nínú ẹ̀yin ìyá wa ló máa dúró. Gbogbo wọn wojú mi, torí èmi ni ìyá ọkọ. Mo tún gèlè mi ṣe. Mo ní Màmá Monílọ́lá ni kí wọ́n dúró. Mo fi ohùn sọ ọ́ lọ́nà tí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí nílé ire á fi mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n bẹ̀ mí.

"Ẹ ṣé, Mọ́mì," ni Fọlárìn wí. "Ó ti yanjú nìyẹn." Ó sì yíjú sí ẹja rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan! Ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi tọ́ ní Àkúrẹ́, ọdún mẹ́rìndínlógún lọ́dọ̀ òyìnbó ti fọ gbogbo ẹ̀ dànù. Mo wo àna mi kó gbà mí sílẹ̀, torí òun náà gbọ́dọ̀ kọ̀, ìyẹn ni ètò. Ó lanu lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Monílọ́lá di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ìyá sì pa ẹnu dé. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tèmi fọ́ sínú àwo ẹja.

Àárọ̀ ọjọ́ keje, a tò láti sọ̀ kalẹ̀. Fọlárìn ti so ìwé pupa mọ́ àpótí mi, pé ti ẹni tó ń lọ sílé nìyẹn. Mo pa á mọ́ra. Ó wá ní kí n yọ àdín, ọṣẹ àti kànìnkànìn tí òun rí nínú àpótí, kí n kó o fún Màmá Monílọ́lá, wọ́n á nílò rẹ̀. Kànìnkànìn mi. Ẹnu Àkúrẹ́ tí mo ti ń fi ẹ̀kọ́ bò mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́fà já jáde.

"Fọlárìn, kò wù mí kí n lọ ulé."

Ó dúró. Mo ní ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ni mo sọ lánàá, pé ó yẹ kó bẹ̀ mí ni. Mo ní láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, fíríìjì ni mò ń kí káàárọ̀ nínú ilé yẹn, pé ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ ń pa mí. Mo ní ọmọ ọmọ mi ni mo fẹ́ gbé. Ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo bi í pé obìnrin wo ló gbọ́ rí tó ń sọ irú ẹ̀ lójú àna.

Ibẹ̀ ni Màmá Monílọ́lá ti jókòó sórí àpótí rẹ̀ láàárín àwọn èèyàn.

"Mi ò mọ ọmọ wẹ̀," ló wí.

Ó ní Monílọ́lá ò ju ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ tí wọ́n gbé iṣẹ́ olùkọ́ òun lọ sọ́nà jíjìn. Ìyá òun ló gba ọmọ náà sílé ní Oǹdó, òun ló wẹ̀ ẹ́, òun ló pọ̀n ọ́n, ọjọ́ Sátidé ni òun máa ń wá wò ó. Ó ní ẹ̀rù ti ń ba òun láti ọjọ́ tí oyún ti dé, pé tọkàntọkàn ni òun fi bẹ̀ mí kí n dúró, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ̀, òun wá gbà pé mi ò fẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin tí mo fi ń ka iye ìgbà, ohun tí mò ń wá ti wà lórí àwo níwájú mi.

Inú mi dùn, mi ò ní bò ó. Mo ti na ọwọ́ sí ìwé pupa yẹn kí n já a kúrò. Monílọ́lá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ikùn.

"Mo mọ̀, Màámi," ló wí. "Ìyá àgbà sọ fún mi kí wọ́n tó kú. Ìdí tí mo fi fẹ́ kí ẹ dúró nìyẹn. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin fi ọwọ́ yín wẹ ọmọ mi."

Inú bí mi. Mo fẹ́ bá ẹnì kan jà níbẹ̀ yẹn, mo wò ó yíká, mi ò rí ẹni tó ṣẹ̀ mí. Ìyá kan jókòó sórí àpótí, ó di orí ọmọ rẹ̀ mú, ó ń sunkún bí ọmọdé. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ṣí àpótí mi, mo kó àdín, ọṣẹ àti kànìnkànìn jáde, mo kó o lé e lẹ́sẹ̀. Mo ní kó dúró, àti pé kì í ṣe àpọ́nlé ni mò ń sọ lọ́tẹ̀ yìí. Ó tún ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pé rárá, ẹ̀yin ni. Mo sọ fún un pé tó bá dán an wò, èmi àti òun àti kànìnkànìn la jọ máa wọ òkun. Ó gbà á lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo wá sílé. Inú ilé ò yí padà, fíríìjì náà ò dáhùn. Mo sunkún tó ọ̀sẹ̀ méjì, mo dákẹ́.

Oṣù kẹrin tí mo dé ni Monílọ́lá bímọ, obìnrin. Nígbà tí wọ́n ti ilé ìwòsàn dé, fóònù mi dún lọ́sàn-án, àwòrán Màmá Monílọ́lá jáde, ó ti ká apá aṣọ sókè, omi wà nínú báàfù, ọmọ wà lórí itan rẹ̀. Mo ní kó fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ omi wò. Mo ní kó gbé ọrùn ọmọ lé ọwọ́ òsì. Mo ní kó máa bá ọmọ sọ̀rọ̀, ọmọ ò mọ̀ pé kò wẹ ọmọ rí. Ó da omi àkọ́kọ́, ọmọ figbe ta, òun náà fẹ́ figbe ta.

"Màmá Fọlárìn," ló wí, kò gbójú sókè, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ o."

Mo fa àga mi sún mọ́ tábìlì. Mo ní kó fọ ẹ̀yìn etí ọmọ, kò síbi tí mò ń lọ.