Ọkọ̀ Tó Ń Fi Ìdí Gun Òkè

Onígbàjámọ̀ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Kodoro, nítorí pé bí èèyàn bá ní kó gé irun òun díẹ̀, kodoro ló máa fá a. Ọwọ́ rẹ̀ kì í mọ díẹ̀. Bó ṣe ń ṣe orí oníbàárà náà ló ṣe ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ gbé e sókè díẹ̀ kó lè máa rìn nínú ẹrẹ̀ àti lórí àpáta; ìgbà tí yóò fi sinmi, ọkọ̀ ti ga débi pé àpótí ni ìyàwó rẹ̀ ń gùn kó tó wọlé. Táyà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ga dé àyà èèyàn. Àgéré ni wọ́n sọ ọkọ̀ náà.

Àbùkù kan ṣoṣo ni Àgéré ní. Ásù ẹ̀yìn rẹ̀, irin gbọọrọ tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ tó sì ń yí wọn, ti ìgbà tí ọkọ̀ ṣì kéré ló wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹyẹlé lábẹ́ erin ni. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ti kán lórí òkè kan náà tó wà lọ́nà ibùdókọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ìyàwó Kodoro sì tún un ṣe, torí pé mẹkáníìkì ni obìnrin náà, gbajúmọ̀ sì ni nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó sú u, ó lọ wá ásù tó ki pọ́pọ́ lára lọ́rì tí wọ́n tú palẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ṣùgbọ́n wọ́n pè é sí ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún kó tó ráyè dè é.

"Ọkọ mi," ló wí bó ṣe ń gbé báàgì, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan ásù yìí. Tí mo bá dé, èmi fúnra mi ni máa dè é."

"Ta ló fẹ́ fọwọ́ kàn án?" ni Kodoro wí, bí ẹni tí wọ́n purọ́ mọ́.

Ní ọjọ́ kejì, ó ń fá irùngbọ̀n oníbàárà kan, ojú rẹ̀ ò kúrò lára ásù náà láti ojú fèrèsé. Ó fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó gbọn aṣọ nù, ó ní kí ọkùnrin náà máa lọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ń wò ó. Kodoro mọ̀ pé òun ò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ yẹn, ó bá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó lọ pe wẹ́dà tó wà ní ilé kejì.

Mo-Mọ̀-Ọ́n ni wọ́n ń pe wẹ́dà yìí, torí kò sí ohun tí wọ́n máa bi í tí kò ní dáhùn pé òun mọ̀ ọ́n. Ká má purọ́ mọ́ ọn, irin tó bá jó pọ̀ kì í túka. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ásù, kò mọ̀ ju bí ewúrẹ́ ṣe mọ̀wé lọ.

Àwọn méjèèjì fi jáàkì gbé Àgéré, wọ́n tú ti tẹ́lẹ̀ jáde. Ibi tí sípíríǹgì ń jókòó lé lára ásù lọ́rì kò bá ti Àgéré mu, ni Mo-Mọ̀-Ọ́n bá gé e kúrò, ó jó tuntun mọ́ ọn. Wọ́n yí irin náà síbí, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, wọ́n làágùn bí ẹni tó ń gbẹ́ kànga. Ìyá ìyàwó Kodoro, tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, gbé àga kalẹ̀ lábẹ́ ibòji, ó ń hun súẹ́tà, ó ń wò wọ́n. Ohun tí àgbàlagbà ń rí lórí ìjókòó, ẹni tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ kò rí i. Ìgbà tí iṣẹ́ kan ọ́ìlì, màmá dá abẹ́rẹ́ dúró.

"Àna mi, ihò tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí lára irin yẹn, ṣé ilẹ̀ ló yẹ kó máa wò?"

"Màmá, bí wọ́n ṣe ń ṣe é lóde òní nìyẹn."

"Ibo lẹ wá fẹ́ gbà da ọ́ìlì sí i?"

"Ihò kan wà lókè, mà," ni Mo-Mọ̀-Ọ́n dáhùn. "Mo mọ̀ ọ́n."

"Ìyẹn ni ibi tí wọ́n ń gbà da ọ́ìlì dànù. Ọmọ mi ti ṣe é lójú mi rí. Ṣé ìdí ni wọ́n ń gbà bọ́ ọmọ ni?"

Àwọn ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, wọ́n da ọ́ìlì gba ihò òkè, wọ́n dí i pa. Màmá padà sí súẹ́tà rẹ̀.

Ọjọ́ tí ìyàwó máa dé ni iṣẹ́ parí. Kodoro gun Àgéré, ó fi gíá kìn-ín-ní sí i, ó fún un lépo. Àgéré fò sẹ́yìn bí ẹṣin tí agbọ́n ta, ó já okùn tí Mo-Mọ̀-Ọ́n sá aṣọ sí, ó fa ṣòkòtò méjì àti aṣọ ibùsùn lẹ́yìn. Kodoro tẹ bíréèkì. Ó tún gíá kìn-ín-ní wò. Ẹ̀yìn náà ni. Ó wá fi rìfáàsì sí i, ọkọ̀ sì rọra ń rìn síwájú, ó ń ké fíín bí ẹ̀fọn.

Ọ̀rọ̀ wá yé wọn. Wọ́n ti de ásù ní ìdojúdé, ohun gbogbo sì ti yí padà. Gíá márààrún tó yẹ kó gbé ọkọ̀ lọ síwájú, ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbé e lọ; rìfáàsì nìkan ló mọ ọ̀nà iwájú. Kí Kodoro tó la ẹnu, fóònù dún.

"Mo ti wà ní ibùdókọ̀ o," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ wá gbé mi."

Mo-Mọ̀-Ọ́n rántí lójijì pé òun fi iná sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Màmá ní tirẹ̀ ti gun àpótí, ó ti jókòó. "Mi ò lè wà nílé kí wọ́n wá máa ròyìn èyí fún mi," ló wí.

Rìfáàsì kì í ṣe gíá eré. Ìyá kan tó ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ kọjá lára wọn, ó sì kí wọn pẹ̀lẹ́. Ajá kan bá wọn rìn títí, ó sú u, ó yà. Ìgbà tí wọ́n dé ìdí òkè, níbi tí ẹrẹ̀ pọ̀ sí, ẹ́ńjìnnì ti ń rú èéfín. Kodoro gbé orí lé ọwọ́. Ojú ń tì í débi pé kò lè wo àna rẹ̀.

"Màmá, ẹ bá mi bẹ ọmọ yín."

"Ẹ̀bẹ̀ kẹ̀? Yí ọkọ̀ padà. Tó bá jẹ́ ìdí ló wá di orí rẹ̀, jẹ́ kó fi ìdí ṣáájú."

Kodoro yí i. Màmá kúnlẹ̀ lórí àga, ó kọjú sí gíláàsì ẹ̀yìn, ó di olùdarí. Gíá kìn-ín-ní wọlé, ásù lọ́rì di ilẹ̀ mú, Àgéré fi ìdí gun òkè náà bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn.

"Ọ̀tún! Ọ̀tún!" ni màmá ń pariwo. "Ọ̀tún tìrẹ kọ́, ọ̀tún tèmi!"

Dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn rí ojú ọkọ̀ tó kọjú sí i gbọnrangandan, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè kọjá. Ó dúró, ó dúró, ọkọ̀ náà ń jìnnà sí i ni. Gbogbo èrò bọ́ọ̀sì nàgà wò ó.

Bí wọ́n ṣe fi ìdí wọ ibùdókọ̀ nìyẹn, pẹ̀lú eré. Ìyàwó wo ṣòkòtò tó ń fì lẹ́yìn ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, ó nàró. Kodoro ti pèsè àlàyé mẹ́rin. Kò rí ọ̀kankan lò, torí obìnrin náà ti jókòó sórí báàgì rẹ̀, ẹ̀rín ń pa á, omi ń dà lójú rẹ̀. "Ìdojúdé!" ló ń wí. "Ẹ dè é ní ìdojúdé!"

"Mo sọ fún wọn," ni màmá wí.

Ìyàwó ló wa Àgéré délé, ẹ̀yìn ṣáájú, kò sì nílò ẹni tí yóò máa pe ọ̀tún fún un. Ní ọjọ́ kejì, ó kó sípánà lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. "Èyí tẹ́ ẹ dè, ẹ tú u." Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Kodoro fi wà lábẹ́ ọkọ̀, ìyàwó àti màmá lórí àga, wọ́n ń kọ́ ọ. Mo-Mọ̀-Ọ́n wá jó ìjókòó sípíríǹgì sí ibi tó yẹ, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ̀, ó béèrè pé, "Ṣé ibí ni?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, Kodoro kọjú Àgéré sí òkè. Gíá kìn-ín-ní, ẹrẹ̀ dé ìdajì táyà, ó gùn ún, kò sí ohun tó kán, kò sí ohun tó ké. Ìyàwó rẹ̀, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tẹ́tí sí ásù láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ìgbà tí wọ́n débẹ̀, ó mi orí.

"Iṣẹ́ ọwọ́ yín dáa," ló wí. "Ó yá, ẹ sọ̀kalẹ̀, ó kàn mí."

Kodoro dúró sínú ẹrẹ̀, ó ń wo ìyàwó rẹ̀ tó ń já sísàlẹ̀ òkè pẹ̀lú ariwo ayọ̀. Ẹrẹ̀ ta sí i lójú, sí imú, sí ẹnu. Kò nù ún. Ó ń rẹ́rìn-ín.