Ojú Ọlábísí Lára Aṣọ

Ọ̀sán Sátidé ni ìpàdé, ṣùgbọ́n láti òwúrọ̀ ni Ọlábísí Dáramọ́lá ti múra tán. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ ní Totsi, ní ìlú Lomé, ó ń wo ọ̀nà bí ọmọge tó ń retí àfẹ́sọ́nà. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti ń lọ sí líséè, ilé ìwé girama. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tó wà lọ́kàn rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò bìkítà fún ewú. Ó fẹ́ padà sí Ilé Aṣòfin.

Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Láńre, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣèlú wọn ní Totsi, ló wá bá a ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó gbọn iyanrìn ara rẹ̀ nù.

"Táńtì, àwọn àgbà ẹgbẹ́ ló rán mi. Ìbò ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ̀yin náà lẹ máa tún ṣáájú wa lọ. Bí ẹ ò bá fẹ́, Táńtì Colette ló kàn. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ èsì yín níbi ìpàdé Sátidé."

"Colette mọ̀ pé o wá?"

"Àwọn gan-an ló ní kí n kọ́kọ́ wá. Wọ́n ní ènìyàn kì í gba iwájú ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjá láìyà kí i."

Ìdáhùn ti wà ní orí ahọ́n Ọlábísí lọ́jọ́ náà. Ó gbé e mì, kí ọmọ má baà rò pé ebi ipò ń pa òun. Ó ní òun yóò rò ó. Kí ló fẹ́ rò níbẹ̀? Láti ọjọ́ tó ti kúrò ní Ilé Aṣòfin ni ọ̀sán ti máa ń gùn jù fún un. Á jẹun, á ka bébà, á fún òdòdó lómi, oòrùn á ṣì wà níbi tó wà.

Lẹ́yìn tí Láńre lọ ni ìrántí bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé tọ̀ ọ́ wá bí àlejò tó mọ ilé. Ó rántí òórùn ìda tí wọ́n fi ń dán tábìlì gígùn wọ̀nyẹn. Ó rántí bí ọkùnrin ẹnu ilẹ̀kùn ṣe máa ń nà ró ṣánṣán, tí á ní "Màdáàmù Dépútè", ìyẹn Ìyáàfin Aṣòfin, bí ẹni pé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ nìyẹn. Sáà mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Wọ́n fi í ṣe mínísítà fúngbà díẹ̀ láàárín rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kò dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ìjókòó aṣòfin ni ọkàn rẹ̀ fà sí. Níbẹ̀ ni obìnrin kan ti lè dìde, kó tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kí gbogbo ilẹ̀ Tógò sì dákẹ́ láti gbọ́ pé omi ẹ̀rọ kò yọ ní Totsi.

Bẹ́ẹ̀ ni wọn ò fẹ́ kó débẹ̀ rárá. Kodjoviakopé ni wọ́n bí i sí, lẹ́bàá bọ́dà, níbi tí ènìyàn ti lè dúró ní Tógò kó gbọ́ àkùkọ Gánà. Bàbá rẹ̀ wá láti Ṣakí, ó ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́. Ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ lójú ọ̀nà bọ́dà, gbogbo ènìyàn sì ń pè é ní Ìyá Aláṣọ. Nígbà tí Ọlábísí kọ́kọ́ jáde dupò, ọkùnrin kan dìde láàárín èrò, ó fi èdè Mina sọ pé, "Anago ni ọ́. Lọ ṣe òṣèlú rẹ ní Nàìjíríà." Anago ni wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀. Ọlábísí dá a lóhùn pẹ̀lú Mina tó dùn ju tirẹ̀ lọ: "Bàbá, ìdí igi àgbọn ẹ̀yìn ilé wa ni wọ́n sin ibi ọmọ mi sí lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi. Ẹ lọ hú u wá. Bí ẹ bá rí i hú, mo máa gbé e, mo máa lọ." Ẹ̀rín ni àwọn obìnrin fi lé ọkùnrin náà jókòó.

Colette ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ọmọ Mina ni Colette, inú ilé kan náà ni wọ́n jọ dàgbà sí. Yorùbá tó ń sọ, lẹ́nu Ìyá Aláṣọ ló ti kọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń dùn jù nígbà tó bá ń bú ènìyàn.

Ṣùgbọ́n ohun tí Ọlábísí rántí jù ni ọ̀rọ̀ aṣọ. Ẹgbẹ́ òṣèlú tẹ ojú rẹ̀ sára aṣọ àǹkárá, wọ́n pín in fún àwọn obìnrin káàkiri. Ojú náà tóbi tó àwo ọbẹ̀, gèlè wà lórí, eyín wà níta. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Ìyá Aláṣọ dé, ó jókòó láìbọ́ bàtà.

"Ọlábísí, mo rí obìnrin kan lẹ́nu bọ́dà lónìí. Ojú rẹ wà ní ìdí rẹ̀. Ó fi í jókòó sórí àpótí ẹja."

Colette yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ìwọ Colette, máa rẹ́rìn-ín. Tó bá jẹ́ ojú tìrẹ ni, ìyá rẹ kò ní sùn."

"Màámá, ìbò là ń wá," Ọlábísí bẹ̀ ẹ́. "Ibi tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n fi í sí."

"Mi ò bí ọ kí wọ́n máa fi ojú rẹ jókòó."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá Aláṣọ mú sáàsì rẹ̀ tó fi ń gé aṣọ, ó ń lọ láti ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan dé òmíràn. Àṣẹ kan ló ń pa: ojú ọmọ òun gbọ́dọ̀ wà lókè, ní àyà tàbí ní ẹ̀yìn; òdòdó ni kí wọ́n fi sí ìsàlẹ̀. Àwọn télọ̀ ní ó ń ba aṣọ jẹ́. Ó ní kí wọ́n kó aṣọ náà wá fún òun nílé, òun á gé e fúnra òun. Bí àwọn obìnrin ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá gé aṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀ nìyẹn, láti Kodjoviakopé títí dé Totsi. Kò sì sí ẹni tó wọlé tó jáde tí kò gbọ́ bí Ọlábísí ṣe gba bàkáloréà, ìwé ẹ̀rí ìparí líséè rẹ̀, nígbà tí ibà ń ṣe é, àti bó ṣe máa ń kó oúnjẹ ilé fún àwọn ọmọ aládùúgbò. Ojú ẹni tí àwọn obìnrin náà ò mọ̀ ni wọ́n gbé wá. Ojú ọmọ tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n gbé lọ. Ìpolongo tí àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ ṣe pẹ̀lú ẹ̀rọ lórí ọkọ̀ kò mú ìbò tó ìdajì tirẹ̀ wá. Ìyá ti lọ báyìí. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni Ọlábísí ń sunkún rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n bó bá ti rí sáàsì ńlá, á dúró díẹ̀.

Nígbà tí ọ̀sán Sátidé náà pé, alùpùpù akérò kan, tí wọ́n ń pè ní zem ní Lomé, dúró níwájú ilé. Colette sọ̀ kalẹ̀, ó ń tún gèlè tí atẹ́gùn ti yí padà ṣe.

"Davi," ló wí, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin ní Lomé, "ta lẹ ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ dè? Ìpàdé là ń lọ, àbí wọ́n ti wá tọrọ yín?"

"Jẹ́ ká máa lọ. Ẹlẹ́nu bí agogo."

Wọ́n jọ rìn lọ sí ọgbà ilé ìwé. Colette kò béèrè èsì lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ iye tí tòmátì ti di, bí ẹni pé tòmátì ló jí àwọn méjèèjì láàárọ̀.

Àwọn obìnrin ti pọ̀ lábẹ́ tapólì. Wọ́n fi Ọlábísí sí àárín tábìlì iwájú, Colette wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Láńre kí gbogbo ènìyàn, ó sì ní kí wọ́n béèrè ohun tó bá ń jẹ wọ́n lọ́kàn.

Ìyá kan tó ń ta àkàrà dìde. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe ọ̀nà tuntun, ọ̀nà ti ga ju ilé lọ. Bí òjò bá ti rọ̀, inú yàrá àwọn ni omi ń wá sùn.

Ọlábísí gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n dì mú. "Ẹ̀yin ìyá," ó ní, "nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Totsi, kò sí ọ̀nà níbí. Yanrìn ni. Aboyún ni a máa ń gbé lórí ọmọlanke." Ó sọ bí òun ṣe jókòó sẹ́nu ọ̀nà mínísítà láti àárọ̀ títí àwọn akọ̀wé fi pa iná, títí mínísítà fi jáde, tó sì fọwọ́ sí omi ẹ̀rọ àkọ́kọ́. Àwọn ìyá àgbà pàtẹ́wọ́. Àwọn kan nu ojú. Ó dùn mọ́ ọn, ó dùn mọ́ ọn gan-an.

"Ẹ ṣeun, Màámá," ni oníàkàrà wí, tó ṣì wà lórí ìdúró. "Omi tinú yàrá wa yìí wá ńkọ́?"

Ọlábísí la ẹnu. Ohun tó wá síbẹ̀ ni "nígbà yẹn". Ó wá òmíràn, kò rí i. Colette rọra fà á nídìí aṣọ lábẹ́ tábìlì, ó ní, "Davi, ṣé kí n mú un?" Ó gba ẹ̀rọ. Ó sọ ibi tí gọ́tà ti dí gan-an, nítorí ó ti fi ẹsẹ̀ tọ̀ ọ́. Ó sọ orúkọ ẹni tó ń bójú tó o ní ọ́fíìsì mérì, alákòóso ìlú. Ó ní lọ́jọ́ Tusidé, kí obìnrin kan láti ilé kọ̀ọ̀kan jáde, àwọn jọ ń lọ síbẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Wọ́n ń bi ara wọn léèrè ta ni yóò lọ.

Nígbà tí wọ́n sinmi láti mu omi, Ọlábísí bọ́ sẹ́yìn láti na ẹsẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé bọ̀, ó gbé ọmọ pọ̀n, ó gbé báásíìnì sọ̀ kalẹ̀. Aṣọ tó fi pọn ọmọ náà ti ṣá, ṣùgbọ́n àwòrán ara rẹ̀ kò tíì parẹ́ tán. Gèlè wà níbẹ̀, àti ojú kan, àti eyín níta.

Ọlábísí fi Mina kí i, ó béèrè orúkọ rẹ̀. Ó ní Peace, pé Aflao lódìkejì bọ́dà ni wọ́n ti gbé òun níyàwó wá.

"Aṣọ rẹ yìí ńkọ́? Ta ló wà lára rẹ̀?"

"Ìyá ọkọ mi ló fún mi, Màámá. Ó rọ̀ fún ọmọ. Wọ́n ní aṣòfin ayé àtijọ́ kan ni."

"Ó ti kú ni?"

Peace wo aṣọ náà lórí èjìká. "N ò béèrè. Àmọ́ ìyá ọkọ mi ní èèwọ̀ ni, n ò gbọdọ̀ fi jókòó. Ẹ̀yìn ọmọ ni kí ojú rẹ̀ máa wà."

Ọlábísí fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọmọ náà. Ó ń sùn fọnfọn, ó gbóná bí àkàrà inú bébà. Aṣọ náà rọ̀ lóòótọ́. Ó rò pé yóò dun òun pé Peace kò dá òun mọ̀, ó sì dúró de ìrora náà. Ohun tó dé yàtọ̀. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá kọjá níwájú ilé tó ti gbé rí, tó rí aṣọ ẹlòmíràn lórí okùn, tó sì mọ̀ pé ilé náà kò ṣófo.

Láńre wá bá a níbẹ̀. "Táńtì, àwọn àgbà ń dúró."

Ọlábísí wo tábìlì iwájú, àga àárín tó ṣófo, ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Kò sí ohun tó wù ú tó o láyé.

"Colette," ló wí.

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Tí o bá tún bi mí léèrè, mo máa yí i padà. Máa lọ."

Láńre fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré. Ọlábísí rí i tó ń bá Colette sọ̀rọ̀ létí, ó rí Colette tó fi ọwọ́ bo ẹnu, tó wá ń bọ̀ láàárín àga.

"Davi, ta ló fipá mú yín?"

"Ta ló tó bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ ti wọ aṣọ láti àárọ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Èmi náà ti wọ tèmi," ni Colette wí. "Mo ti ṣetán láti máa kọrin tẹ̀lé yín lọ."

"Ohùn rẹ ò dùn mọ́. Lọ jókòó sí àga yẹn kí ẹlòmíràn tó jókòó sí i."

Lẹ́yìn náà Colette lọ. Nígbà tí Láńre kéde rẹ̀, ariwo sọ. Ọlábísí pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi ń ta á. Kò padà sí iwájú. Ó wá àyè lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, láàárín Peace àti oníàkàrà. Bẹ́ǹṣì náà kéré, ti ọmọ iléèwé ni, eékún rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.

Láti ibẹ̀, ìpàdé rí bí ohun mìíràn. Ó rí ọrùn àwọn obìnrin, ó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lábẹ́ ètè, tí kò dé tábìlì rí. Ó nawọ́ sókè. Colette mú ẹni méjì níwájú rẹ̀, kó tó wá tọ́ka sí i.

"Ìyá tó wà lẹ́yìn. Ẹ sọ orúkọ yín àti ibi tí ẹ ń gbé. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó ṣókí, nítorí a mọ irú yín."

Gbogbo ibẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọlábísí dìde.

"Dáramọ́lá lorúkọ mi. Ẹ̀yìn ilé ìwé yìí ni mò ń gbé." Láti ọdún tó kọjá ló ti ń gbọ́n omi nínú yàrá rẹ̀ fúnra rẹ̀, lẹ́yìn ilẹ̀kùn títì, nítorí ojú ń tì í kí wọ́n gbọ́ pé àgbàrá ń wọlé bá aṣòfin. "Omi ń wọ ilé tèmi náà. Aago mélòó la máa jáde lọ́jọ́ Tusidé?"

"Aago mẹ́jọ," ni Colette wí. "Ẹ má pẹ́ o. A ò ní dúró de ẹnikẹ́ni."