Àwòrán Òwúrọ̀

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo kọ̀ǹpútà yìí díẹ̀.”

Bí Ṣèyílọ́lá ṣe sọ ọ́ nìyẹn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń tọrọ omi. “Ẹ dúró!” ló yẹ kó pariwo. Ilé ìwòsàn kan létí títì márosẹ̀ Ajah ni wọ́n wà, wọ́n ti ṣí agbárí Bùsàrí, bíríkìlà láti Ṣàngótẹ̀dó. Dókítà Akínbọ̀dé fẹ́ gé kókó inú ọpọlọ rẹ̀, àwòrán tí wọ́n yà láàárọ̀ ló sì ń tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n tí agbárí bá ti ṣí, tí omi inú rẹ̀ sì ṣàn jáde, ọpọlọ kì í dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ńṣe ló máa ń rọ̀ wálẹ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná tí wọ́n tú léwé. Iṣẹ́ Ṣèyílọ́lá ni láti fi kọ̀ǹpútà ṣírò ibi tó yẹ̀ sí. Ó ti ṣírò rẹ̀. Ibi tí ọ̀bẹ ọ̀gá ń lọ kì í ṣe ibi kókó mọ́, ibi tí ọ̀rọ̀ sísọ ti ń wá ni.

“Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ lójú àwọn nọ́ọ̀sì?”

“Rárá o, sà. Ẹ má bínú.”

Ó bá panu mọ́. Ọmọlúàbí! Wọ́n ní ẹnu àgbà lobì ti ń gbó. Ó gbó lóòótọ́, ohùn Bùsàrí ló bá a lọ.

Nígbà tí ọkùnrin náà jí, Àríkẹ́ ìyàwó rẹ̀ fara mọ́ bẹ́ẹ̀dì. “Bàbá Lateef, ẹ pè mí. Ẹ pe Àríkẹ́ yín.” Ẹnu Bùsàrí ń mì, ọ̀rọ̀ kankan ò jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

“Àmúwá Ọlọ́run ni, Ìyá,” Dókítà Akínbọ̀dé wí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. “A sa gbogbo ipá wa.”

Àríkẹ́ kúnlẹ̀. “Ẹ ṣeun, sà. Ọlọ́run á san án fún yín.”

Ìkúnlẹ̀ yẹn dun Ṣèyílọ́lá wọra. Ó kórìíra ọ̀gá rẹ̀, ó tún kórìíra ara rẹ̀. Bí dókítà ṣe kọjá lọ, ó fa Àríkẹ́ dìde.

“Ẹ má dúpẹ́ mọ́, mà. Kì í ṣe Ọlọ́run. Ọpọlọ wọn ti yẹ̀ kúrò níbi tó wà nínú àwòrán, ọ̀gá ò sì fẹ́ gbọ́. Mo rí i. Màá sọ ọ́ níwájú àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn yìí.”

“O rí i?”

“Mo rí i, mà.”

“O wá dákẹ́?”

“Àgbà ni wọ́n, mà.”

Àríkẹ́ nawọ́ sí yàrá tí Bùsàrí wà.

“Ọkọ tèmi ńkọ́? Ọmọdé ni?”