Àgádágodo Rennie

Agogo mẹ́wàá ààbọ̀ ti lù. Bí epo kò bá tún ṣàn nínú páìpù kó tó di mọ́kànlá, yóò dì gbagidi bí ọ̀rá ẹran, iléeṣẹ́ ò sì ní náwó láti là á mọ́. Wọ́n ti kọ ọ́ ránṣẹ́: tó bá fi dì, ibùdó ìfapo tó wà láàárín Òkun Àríwá yìí parí nìyẹn, tòun ti iṣẹ́ ọgọ́rin èèyàn.

Àgádágodo pupa kan ló ṣẹ́ kù lára ẹ̀rọ tó ń ti epo. Ẹni tó bá fẹ́ wọ táńkì lọ fọ̀ ọ́ ló máa ń fi tirẹ̀ tì í, kí ẹnikẹ́ni má baà da epo lé e lórí. Òun nìkan ló sì ń ṣí i. Orúkọ Rennie ló wà lára èyí.

"Gé e," Farquhar ọ̀gá wọn wí. "Rennie ti bá hẹlikọ́pítà àárọ̀ lọ sí Aberdeen. Orúkọ ẹ̀ wà nínú ìwé àwọn tó wọ̀ ọ́."

Innes Geddes, tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ náà, mi orí. Olóríkunkun ni, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. "Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣebí ìwé ní alásè ti lọ? Ó ń hanrun lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹlòmíì ló jókòó sáyè ẹ̀ nínú hẹlikọ́pítà. Ẹ pe Rennie."

"Fóònù ẹ̀ ò lọ."

"Ẹ wọ inú táńkì wá a."

"Wákàtí méjì nìyẹn! Innes, ayé á ṣì máa sun epo fún ogún ọdún sí i. Ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ni wọ́n á ti máa rà á, àwa á wá máa ká ọwọ́ lẹ́rán. Ṣé bó o ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn?"

Alasdair, ọkọ Eilidh ọmọ Innes, dúró lẹ́yìn ọ̀gá. Oyún Eilidh ti pé oṣù mẹ́jọ. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ó wí jẹ́jẹ́.

Ó dun Innes wọra. Síbẹ̀ ó fi ẹ̀yìn ti àgádágodo náà. "Ẹ̀mí ò ní ààrọ̀. Ẹni tó bá máa gé e, kó kọ́kọ́ gbé mi kúrò."

Kò sẹ́ni tó gbé e. Àwọn méjì wọ táńkì lọ wá Rennie. Agogo mọ́kànlá lù, epo sì dì sínú páìpù.

Nígbà tó di mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú, fóònù ògiri dún. Innes gbé e.

"Innes, Rennie nìyí. Aberdeen ni mo wà. Kọ́kọ́rọ́ àgádágodo yẹn wà lápò mi, mo gbàgbé ni. Kò sí wàhálà, àbí?"

Innes ń gbọ́ bó ṣe ń jẹ nǹkan lẹ́nu. Inú rẹ̀ dùn pé ọkùnrin náà wà láàyè, inú sì bí i gan-an.

"Kò sí," ó wí. "Jẹun dáadáa."

Ó gbé fóònù kọ́. Alasdair ti ń bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún Eilidh, Bàbá. Èmi ò lè sọ ọ́."

Innes ní òun á sọ fún un.